Àpótí Fóònù àti Kọ̀ǹpútà Márùn-ún

Ìgbìmọ̀ ìjọ pe Màmá Comfort sí ìpàdé. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n fún un ní omi tútù, wọ́n bi í léèrè ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún, wọ́n wá sọ fún un pé tó bá fi máa di Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ọmọdé, tí kò bá sí ọmọ kan nínú kíláàsì Yorùbá rẹ̀ tó lè dúró níwájú ìjọ kó sọ Yorùbá tó ṣeé gbọ́, àwọn á pa kíláàsì náà pọ̀ mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Yàrá tó ń lò á di ti ẹgbẹ́ akọrin. Màmá Comfort mu omi náà tán, ó dá ife padà, ó ní òun ti gbọ́.

Ìjọ Yorùbá ni, ní Mile 3 ní Port Harcourt, lẹ́yìn ọjà gan-an, níbi tí ariwo àwọn tó ń pe èrò ọkọ̀ ti máa ń bá àdúrà wọlé. Àwọn tí iṣẹ́ gbé wá láti ilẹ̀ Yorùbá ló dá a sílẹ̀: òṣìṣẹ́ epo, òṣìṣẹ́ báńkì, ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù. Wọ́n gbé èdè wọn wá bí wọ́n ṣe gbé ìkòkò ọbẹ̀ wọn wá. Ìgbà tí wọ́n wá bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ gba ìkòkò, wọn ò gba èdè. Pidgin ń yọ̀ lẹ́nu wọn bí ọbẹ̀ ilá. Tó bá di Yorùbá, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Ìyanu wà lára wọn. Ọmọ ọmọ Màmá Comfort ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Bonny, kì í wálé déédéé, torí náà òun àti ìyá àgbà nìkan ló jọ ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Mile One. Láàárọ̀, ọmọ náà á jí, á ní, "Mama, how far?" Màmá Comfort á ní, "Kò jìnnà, ibí náà ni mo wà." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa bá ara wọn sọ lọ́jọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn. Pidgin tí ìyá àgbà gbọ́ tó láti fi ra òwú àti bọ́tìnnì. Kò tó láti fi bi ọmọ pé kí ló dé tó ń sunkún.

Ìdí tó fi gba kíláàsì náà nìyẹn. Àwọn ìgbìmọ̀ máa ń sọ nípa ogún ìran Oòduà àti iyì àwọn baba ńlá wa. Màmá Comfort kò bá wọn jiyàn. Òun kàn fẹ́ kí ẹni tó wà nínú ilé òun bá òun sọ̀rọ̀ ni. Ó ti wo ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn: ilé ìwé ò ní kọ́ ọmọ náà ní Yorùbá, ìyá rẹ̀ ò sí nílé, òun fúnra òun sì ń ránṣọ látàárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí kíláàsì yìí bá lọ, "how far" ni wọ́n máa bá dé ojú sàréè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí kọ̀ǹpútà mẹ́fà dé láti Kánádà.

Ọládayọ̀ ló fi wọ́n ránṣẹ́. Báńkì ló ń ṣe nígbà tó wà ní Port Harcourt, ó máa ń jókòó ní ìlà kejì, ó sì ti kó lọ kí kòrónà tó dé. Wọ́n fi fídíò rẹ̀ han ìgbìmọ̀. Ó wọ kóòtù òtútù nínú ilé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní àkókò ìwé ti kọjá. Ó ní kọ̀ǹpútà yìí kì í ṣe kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń kó ẹrù sínú ara rẹ̀, ó ní gbogbo ẹ̀kọ́ ti wà lójú àwọsánmà, àwọn ọmọ kàn máa na ọwọ́ sókè mú un ni.

"Tó bá jẹ́ àwọsánmà la nílò," ni Màmá Comfort wí, "Port Harcourt tí òjò kì í dá yìí náà ló yẹ ká wà."

Àwọn ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Fídíò ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún.

Doyinsọ́lá, ọmọbìnrin tó ń bá Màmá Comfort tọ́jú kíláàsì, ló kó àwọn kọ̀ǹpútà náà lọ sílé láti tò wọ́n. Báńkì lòun náà ń ṣe, Eneka ló ń gbé, orí rẹ̀ sì pé sí nǹkan báyìí. Màmá Comfort tẹ̀ lé e lọ wò ó. Doyinsọ́lá tan fóònù rẹ̀, fóònù fún àwọn kọ̀ǹpútà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbogbo wọn sì tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwòrán adìyẹ jáde. Ọkùnrin kan tí a kò rí sọ pé "Adìyẹ" pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn. Màmá Comfort fẹ́ràn rẹ̀. Kò sọ ọ́ síta, àmọ́ nínú ọkọ̀ tó gbé e padà sí Mile One, ó sọ "Adìyẹ" fún ara rẹ̀ bí ọkùnrin náà ṣe sọ ọ́.

Ìjọ sì ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Wọ́n kó àwọn ìwé ABD àtijọ́ fún ẹ̀ka ìjọ tuntun tó wà ní Eneka, wọ́n sì dúpẹ́ pé àwọn náà ti ní ohun tí wọ́n lè fi ta àwọn aláìní lọ́rẹ. Wọ́n yọ bọ́ọ̀dù dúdú kúrò lára ògiri kíláàsì, nítorí ibẹ̀ nìkan ló lè gba pátákó tí wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọládayọ̀. Wọ́n wá ya àwọn kọ̀ǹpútà sí mímọ́. Pásítọ̀ gbàdúrà gidi, ó da òróró sí wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan kò tàn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ku márùn-ún. Ìgbìmọ̀ sì pàṣẹ pé ohun tí a ti yà sí mímọ́ kì í sùn síta, torí náà kọ̀ǹpútà kankan kò gbọdọ̀ jáde nílé Olúwa mọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ dé. Àwọn ọmọ jókòó, wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà. Ojú wọn mọ́ roro. Wọ́n ń bèèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

"Doyin, tan fóònù ẹ," ni Màmá Comfort wí.

"Màmá, ó wà nínú àpótí."

Ó yẹ kí a sọ nípa àpótí yìí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ń ṣe ìsìn ìsìnkú ìyá ìjọ kan, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ni fóònù ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pé ta ló máa san owó ọtí. Ọ̀rọ̀ náà dun Alàgbà Akínfẹ́nwá dé ọkàn. Kọ́sítọ́ọ̀mù ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì, ó sì mọ bí a ṣe ń dá ohun tí kò yẹ kó wọlé dúró ní ẹnu ibodè. Ó kan àpótí onígi kan, ó fi àgádágodo sí i, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà náà, kò sí fóònù tó wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbà á, òun ló ń pa á, òun ló ń so nọ́ńbà mọ́ ọn. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Tó bá fura sí èèyàn, á wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, á ní, "Àpò kejì ńkọ́?"

Doyinsọ́lá lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa tèmi. Ẹ sì jẹ́ kí n gbé e wọnú kíláàsì. Kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ ń lò ó."

"Kọ̀ǹpútà ń lo fóònù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Nínú àwọn méjèèjì, èwo ló tóbi jù?"

"Kọ̀ǹpútà ni, sà."

"Àgbà wá ń tọrọ jẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Padà sí kíláàsì ẹ, jàre."

Doyinsọ́lá padà, ó wá ṣàlàyé fún Màmá Comfort pé kò sí nǹkan kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà fúnra wọn. Ó ní bí ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣe rí, ilé gan-an wà níbòmíràn.

"Ìyẹn ni pé ilẹ̀kùn mẹ́fà ni Ọládayọ̀ fi ránṣẹ́ sí wa," ni Màmá Comfort wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"A sì da òróró sí wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Màmá Comfort lọ bá ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré tó ń fúnni ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì láìsí fóònù. Díákónì Adétúnjí ni alága ìgbìmọ̀, ilé iṣẹ́ epo ló ti ń ṣiṣẹ́, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní ọ̀rọ̀ tó dára ni Màmá mú wá, pé àwọn á gbé e yẹ̀ wò tí àwọn ọmọ bá ti fi hàn pé àwọn lè sọ Yorùbá. Màmá Comfort ní kí wọ́n dá bọ́ọ̀dù òun padà. Díákónì ní pátákó Ọládayọ̀ ńkọ́? Ó ní kí wọ́n gba ìwé òun wá láti Eneka. Díákónì ní a kì í gba ọrẹ padà, Màmá.

Bí wọ́n ṣe di ẹni tó ń dúró nìyẹn. Ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi, tí àwọn àgbà bá ń jọ́sìn nínú ilé ńlá, àwọn ọmọ á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní yàrá ẹ̀yìn, àmì róbótó kan á máa yí lójú rẹ̀. Màmá Comfort kì í jẹ́ kí wọ́n pa á. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ṣèèṣì kọjá lọ. Bátìrì wọn lágbára, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní nìyẹn.

Inú sì máa ń bí i. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti dàgbà, inú ìwé orin ló ti kọ́ ìwé kíkà láìsí olùkọ́. Kò mọ bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ dídùn sí nǹkan tí kò ṣiṣẹ́.

"Wò ó," á máa sọ fún kọ̀ǹpútà, "ó ń yí bí ajá tó ń wá ibi tó máa sùn sí."

Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí ló sọ. Á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, á fi ọwọ́ ṣe ajá, kí wọ́n má bàa rò pé àwọn ló ń bá wí.

Lọ́jọ́ kan, Ìyanu fi ọwọ́ gbá tirẹ̀, ó ní, "This thing don craze!"

"A kì í fi Pidgin bú ẹ̀rọ nínú yàrá yìí," ni ìyá àgbà wí. "'Orí rẹ̀ ti dàrú.'"

"Orí rẹ̀ ti dàrú."

"Ẹn-ẹ́n. Má gbá a mọ́, kò gbọ́."

Bilkis ló máa ń gba ọ̀rọ̀ náà mú jù. Ọmọ Sàdíátù ni, tó ń ta báàgì ní ìsọ̀ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mùsùlùmí ni wọ́n, àmọ́ Sàdíátù ti wá gbogbo Mile 3 kiri, kò rí ibòmíràn tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé ní Yorùbá. Ó ní òun ti ṣàlàyé fún Ọlọ́run. Màmá Comfort náà kò bi í ní ìbéèrè, ó kàn fún ọmọ náà ní àga. Ẹnu Bilkis mú bí abẹ. Tó bá gbọ́ èébú kan lónìí, á gbé e lọ sílé, á lò ó fún àbúrò rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, á wá bèèrè òmíràn ní Ọjọ́ Ìsinmi.

"Màmá, tó bá jẹ́ pé ojú rẹ̀ fine, ṣùgbọ́n e no get anything for inside, how dem dey talk am?"

"Ojú rẹ̀ mọ́ roro, inú rẹ̀ ṣófo."

"Ojú rẹ̀ mọ́ roro, inú rẹ̀ ṣófo," ni Bilkis wí fún kọ̀ǹpútà, tìfẹ́tìfẹ́.

Ìtẹ́olúwa, ọmọ ọlọ́pàá kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀, wá fi ohùn kékeré bèèrè pé kí ni kọ̀ǹpútà ń wá gan-an. Màmá Comfort ní àlejò ni. Ó ní àlejò tó wá sílé èèyàn tí kò gbé nǹkan dání, tó tún ń bèèrè oúnjẹ. Ìyẹn náà wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n bi í léèrè bóyá irú àlejò bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Ó sọ ìtàn arákùnrin bàbá rẹ̀ kan fún wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti ohun tí ìyá òun sọ fún un ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní kó tún un sọ. Ìsìn parí kó tó sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kejì.

Tó bá ń lọ sílé, ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun tún ti fi ọjọ́ òní ṣòfò. Adìyẹ kan ṣoṣo kò tíì jáde. Kò kọ́ wọn ní ABD, kò kọ́ wọn ní orin, bíbínú ló ń bínú níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Ó sì rí i pé ọjọ́ ń sún mọ́lé.

Doyinsọ́lá kò jókòó. Ó kọ ewì kan tí àwọn ọmọ máa kà lójú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà. Ó kà á fún Màmá Comfort. "Ẹ̀yin ọmọ akọni, ìtànṣán òwúrọ̀ ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire, ìyẹ́ idì tí ń fò lókè réré..."

"Kí ni wọ́n fẹ́ gbà?" ni Màmá Comfort bèèrè.

"Ẹ̀n?"

"Tí èèyàn bá ń yin èèyàn tó báyìí, ó fẹ́ gba nǹkan ni."

"Màmá, ewì ni."

"Ó dáa. Kọ ọ́ sórí bébà fún wọn."

"Màmá, fọ́tò ni Bọ̀dá Ọládayọ̀ ń retí, fọ́tò tí àwọn ọmọ ti ń kàwé lójú kọ̀ǹpútà. Ta ló máa ya bébà ránṣẹ́ sí Kánádà?"

Doyinsọ́lá wá bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí fóònù kan wọlé, lọ́jọ́ yẹn nìkan. Wọ́n fi ìrọ̀lẹ́ odindi jiyàn lórí ẹ̀. Alàgbà Akínfẹ́nwá ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun á tẹ̀ lé e, tí ọ̀kan bá wọlé, ogún á tẹ̀ lé e. Níkẹyìn wọ́n dìbò, Alàgbà fìdí rẹmi. Ìpinnu ìgbìmọ̀ ni pé kí fóònù kan ṣoṣo wọlé fún iṣẹ́ Olúwa, kí Alàgbà sì mójú tó o. Alàgbà ní òun gbà, torí òun kì í ṣe ẹni tó ń tako ìdìbò.

Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ọmọdé dé, òjò rọ̀ láàárọ̀, ó dá. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Sàdíátù pàápàá wá, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú híjàbù rẹ̀, ó gbé báàgì sórí itan bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Wọ́n to tábìlì síwájú, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé e, wọ́n to kọ̀ǹpútà márùn-ún sórí rẹ̀. Ẹni tó ń ya fọ́tò dúró pẹ̀lú kámẹ́rà ọrùn rẹ̀. Alàgbà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kì í ṣe fóònù. Díákónì Adétúnjí sọ̀rọ̀ nípa èdè. Ó sọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́, ní Gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n wá pe kíláàsì Yorùbá. Ìyanu, Bilkis, Ìtẹ́olúwa àti àwọn méjì mìíràn jáde wá, wọ́n dúró sẹ́yìn kọ̀ǹpútà wọn. Màmá Comfort dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Doyinsọ́lá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ọ̀nà.

"Ó ti gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ní òun fúnra òun ló máa gbé fóònù wọlé."

Alàgbà Akínfẹ́nwá ń bọ̀ láàárín ìjọ. Agbádá funfun ló wọ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó tẹ́ áńkáṣíìfù sórí wọn, ó gbé fóònù sórí áńkáṣíìfù. Ó rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó dé ibi tábìlì, ó gbé fóònù náà sílẹ̀ láàárín àwọn kọ̀ǹpútà, ó sún sẹ́yìn.

Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni. Èyí tó ní bọ́tìnnì, tí wọ́n fi rọ́bà di ẹ̀yìn rẹ̀. Ti Alàgbà fúnra rẹ̀ ni.

"Bàbá," ni Doyinsọ́lá wí, "tèmi ńkọ́?"

"Ó wà nínú àpótí, mo ti pa á. Fóònù kan ni ìgbìmọ̀ sọ. Mi ò lè fi irú nǹkan báyìí sọ́wọ́ ọmọdé. Tèmi ló dá mi lójú."

Àwọn tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa sọ ọ́ fún Alàgbà níwájú ìjọ. Àwọn tí kò mọ̀ ń dúró de ewì. Lójú kọ̀ǹpútà márààrún, àmì róbótó náà ń yí.

"Màmá," ni Doyinsọ́lá wí, "a kú."

Màmá Comfort ń wo Ìyanu. Ó ń ronú pé láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn akọrin á máa lo yàrá òun, ọmọ náà á sì máa bá òun gbé bí ayálégbé.

Ìyanu ló kọ́kọ́ lanu. Kì í ṣe ìjọ ló bá sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń bá wí, bó ṣe ń ṣe ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi.

"Orí rẹ̀ ti tún dàrú."

"Ṣé mi ò sọ?" ni Bilkis dáhùn. "Wò ó, ó ń yí bí ajá tó ń wá ibi tó máa sùn sí."

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Ìtẹ́olúwa wí. "Tó bá wù ú, kó jí. Tí kò bá wù ú, kó kú síbẹ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín àwọn obìnrin, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Alàgbà Akínfẹ́nwá bọ́ síwájú.

"Kí ló dé tí ẹ̀rọ yín ò ṣiṣẹ́? Ṣebí mo ti gbé fóònù wá."

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Ìyanu wí. "Fóònù yín ò ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Tọ́ọ̀ṣì ló ní."

Màmá Comfort di ojú.

"Ta ló sọ fún ẹ?" Alàgbà gbé fóònù, ó tẹ̀ ẹ́, tọ́ọ̀ṣì tàn. Ó yí i sí ojú kọ̀ǹpútà. "Ṣó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá," ni Bilkis wí. "Iṣẹ́ àtùpà ló ń ṣe."

Ẹni tó ń ya fọ́tò ya fọ́tò.

"Fóònù yìí ti wà kí wọ́n tó bí ẹ! Mo gbé e ṣiṣẹ́ ní bọ́dà!"

"Pípẹ́ ò ní kó ní dátà, Bàbá," ni Ìtẹ́olúwa wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ kàn lọ ṣí àpótí yẹn," ni Ìyanu wí. "Fóònù Àǹtí Doyin ló wà ńbẹ̀, òun ni ẹ̀rọ mọ̀. Ẹ̀yin lẹ tì í mọ́lé."

"Òfin ni! A kì í ṣí àpótí kí ìsìn tó parí."

"Kí wá ni ká ṣe fún àlejò yìí?" Bilkis na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà. "Ó wá sílé èèyàn, kò gbé nǹkan dání, ó tún ń bèèrè oúnjẹ. Ẹ̀yin náà wá gbé àwo òfìfo síwájú rẹ̀. Ojú àwo mọ́ roro, inú rẹ̀ ṣófo."

"Ìwọ ọmọ yìí! Ta ni bàbá ẹ?"

"Bàbá mi ò sí níbí, sà. Ìyá mi ló wà lẹ́yìn yẹn. Ẹ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ fóònù ná."

Sàdíátù dìde dúró lẹ́yìn, báàgì já bọ́ lórí itan rẹ̀. "Bilkis! Pa ẹnu ẹ dé!"

"Mọ́mì, wọ́n ní ká sọ Yorùbá ni!"

Alàgbà dúró pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tó ṣì ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Bilkis, ó wo Ìyanu, ó wo Màmá Comfort, bó ṣe máa ń wo ẹni tó ní àpò kejì.

"Màmá Comfort. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn ní èyí?"

"Mi ò kọ́ wọn ní nǹkan kan," ni Màmá Comfort wí, òótọ́ ló sì rò pé òun ń sọ. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí."

Díákónì Adétúnjí dìde, ó ní kí a má bínú, pé nínú ètò ìsìn, ewì ni ó yẹ kí ìjọ gbọ́, kí ìgbìmọ̀ tó lè mọ bóyá àwọn ọmọ...

"Díákónì," ni Alàgbà wí, "àwọn ọmọ yìí bá mi jiyàn níwájú gbogbo ìjọ, wọ́n sì borí. Kí lẹ tún fẹ́ gbọ́?" Ó pa tọ́ọ̀ṣì. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀kọ́ ilé ò sí. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ Yorùbá."

Ó di fóònù rẹ̀ sínú áńkáṣíìfù, ó gbé e padà sí ẹnu ọ̀nà, ó tì í mọ́nú àpótí pẹ̀lú àwọn yòókù.

Ìgbìmọ̀ jókòó lọ́sẹ̀ kejì. Wọ́n ní kí kíláàsì Yorùbá máa bá a lọ. Wọ́n ní ó hàn gbangba pé àwọn kọ̀ǹpútà náà ti ṣiṣẹ́, torí náà kò sí ìdí láti ra ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sì sí ìdí láti dá bọ́ọ̀dù padà. Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Kánádà: ọmọ márùn-ún yí kọ̀ǹpútà ká, alàgbà kan tó wọ funfun tẹ̀ sórí wọn, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ hàn wọ́n. Ọládayọ̀ ní omi bọ́ lójú òun. Ó ṣèlérí mẹ́fà mìíràn. Màmá Comfort ní kí wọ́n bá òun sọ fún un pé kó fi wọ́n ránṣẹ́ sí Eneka, kí Eneka sì dá ìwé òun padà.

Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi náà gan-an, nígbà tí wọ́n délé, ni Màmá Comfort kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bu ìrẹsì fún Ìyanu, ó bu ọbẹ̀ sí i. Wọ́n jókòó, wọn ò sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọmọ náà tọ́ ọ wò, ó dá ṣíbí dúró, ó wo inú àwo.

"Màmá, ọbẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ mọ́ roro."

Màmá Comfort dúró de èyí tó kù.

"Ẹ ò fi iyọ̀ sí i."

Ó tọ́ ọ wò. Òótọ́ ni. Ó dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó lọ mú iyọ̀.